Ègé Aṣọ Mẹ́rin Nínú Igbó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, àbúrò mi, kò tíì dé. Àbámẹ́ta ló ní òun máa wọlé. Àbámẹ́ta lọ, Àìkú lọ. Mo ń rán tìmùtìmù àga dókítà eléyín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọjá níta ni mo ń yọjú.

Ìyàwó rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pè yín?" Mo ní kò pè mí. Ó ní fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ láti ìjẹrin. Mo ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó, ṣebí ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Àwa méjèèjì wá ń wo òjò.

Òjò ọdún yìí tètè dé. Àbúrò mi ní òun á ti padà kó tó bẹ̀rẹ̀. Òjò kò bá a ṣe àdéhùn kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Èmi àti Ìyàwó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ béèrè pé níbo ni àbúrò mi ń lọ. Mo ní kò mọ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi, mà."

Mo ní èmi náà kò mọ̀, torí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó dé ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, ó wọ igbó lọ. Ó ní kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní ó lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó wo mí, ó wo Ìyàwó.

"Ṣé orí rẹ̀ pé?"

Ìyàwó ní, "Kàfíńtà ni."

Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni, wọ́n sì pè wọ́n. Olórí ẹ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀ wá, ọkùnrin kan tí kì í ṣí fìlà bó ti wù kó rí. Onífìlà ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ó ní obìnrin tó ń ta epo ní òpin títì rí àbúrò mi nígbà tó ń kọjá lọ. Ó ń kọrin. Ẹni tó ń kọrin ni a wá ń wá káàkiri báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọn kò rí nǹkan kan. Òjò ní àárọ̀, òjò ní ìrọ̀lẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Bàbá wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ bò ó. Mo ṣí aṣọ náà lónìí láìnídìí. Gbogbo Àìkú ni Bàbá máa ń kó wa jáde, èmi lórí kẹ̀kẹ́ tèmi, àbúrò mi lẹ́yìn tirẹ̀, láìsọ ibi tí à ń lọ. Tí a bá dé oríta, òfin kan ló wà: bí ẹ bá mọ ibi tí ọ̀nà kan lọ, ẹ gba èkejì. Tí ẹ̀rù bá bà mí, á ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀bù wọlé, ọmọ wọlé, orúnkún wọlé, mo sì gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi kò gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó wá tú àpò àjákù aṣọ mi bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó gé tirẹ̀, ó sì jí sísọ́ọ̀sì mi ńlá gbé lọ. Mo ṣì ń bínú nítorí sísọ́ọ̀sì yẹn. Kó wá dá a padà fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Ìyàwó jà. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ àbúrò mi ló bú jáde.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà níbẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́. Igi ni. Igi wà lẹ́yìn ilé wa. Òkè wà. Ẹrẹ̀ wà. Mo bi í, ó ní tóun bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ òun ò ní lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ èèyàn nìyẹn? Ẹni tó ń wá ìwákúwàá, ó ń bọ̀ wá rí ìríkúrìí."

Mo ní kó má pa òwe yẹn mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ló ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹgbẹ́ kan ṣófo, òun lóun mọ òwe tí òun máa pa. Mo rán an létí pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé láti ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù kan, tí ó ń kan àga tí ẹnikẹ́ni kò kàn rí, ṣebí òun náà jẹ nínú owó àga yẹn. Ó ní òun kò fẹ́ àga.

Ó wá jókòó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Tó bá ti kú, kí wọ́n sọ fún mi. Mo lè gbé e. Àìmọ̀ yìí ni mi ò lè gbé."

Èmi ń kọ́? Àìmọ̀ yìí nìkan ni mo dì mú. Ìgbà tí a kò bá tíì mọ̀, ó ṣì wà láàyè níbì kan, ó ń bínú sí òjò. Mi ò sọ ọ́ fún un. Mo se tíì, tíì náà tutù níwájú wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó jókòó kọ èyí.

Onífìlà wá sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyàwó tẹ̀lé e. Ojú wọn yá díẹ̀. Ọkùnrin náà fa àpò ọ̀rá kan yọ, ó sì da ègé aṣọ mẹ́rin sórí tábìlì ìránṣọ mi. Mo mọ gbogbo wọn bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Aláwọ̀ ewé yẹn, àga ilé ìfowópamọ́ ni. Búlúù yẹn, tìmùtìmù ìyàwó olùkọ́. Pupa méjì, ìjókòó ilé oníṣòwò sìmẹ́ǹtì tó bá mi dúnàádúrà títí orí fi fọ́ mi.

"Tirẹ̀ ni, àbí?"

"Tirẹ̀ ni. Níbo lẹ ti rí wọn?"

"Lẹ́bàá ọ̀nà, lára igi. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó máa ń so aṣọ mọ́gi kó má baà sọnù. Àwọn ọ̀nà inú igbó yẹn ń pàdé ara wọn, tá a bá ti rí aṣọ létí ọ̀nà kan, a ti gbà á nìyẹn. Mẹ́ta la tẹ̀ lé dé òpin, mà. A ò rí i. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ la ti bá a láàárín oríta, afẹ́fẹ́ ti já a bọ́. A ò mọ èyí tó gbà níbẹ̀, ìdí tí mo fi wá bi yín nìyẹn. Mo tú wọn wá kẹ́ ẹ lè dá wọn mọ̀."

Mo ní, "Ọ̀nà tí aṣọ wà lẹ̀ ń gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo di etí tábìlì mú. Mo sọ fún wọn pé nílé tiwa, ọ̀nà tí a kò gbà là ń so aṣọ mọ́. Èyí tí a bá gbà, ojú wa ti ń rí i, kí la fẹ́ fi àmì sí níbẹ̀? Èyí tí a fi sílẹ̀ ni Bàbá ń fún láṣọ, kó lè mọ̀ pé a ṣì ń padà bọ̀ wá bá òun. Ọjọ́ tí a bá wá gbà á, a ó tú aṣọ rẹ̀.

Fún ohun tó lé lọ́sẹ̀ kan, àwọn ọkùnrin yẹn ti fi àdá la òjò kiri gbogbo ibi tí àbúrò mi kò sí.

Ìyàwó jókòó sórí ìdì fóòmù. Ó ní, "Ó sọ fún mi pé kóun má baà sọnù ni." Mo ní òótọ́ ló sọ, kò kàn sọ ìyókù ni. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ta ló máa rò pé ẹni tí orí rẹ̀ pé á lọ fi àmì sí ọ̀nà tí kò gbà? Ilé wa nìkan ni. Gbogbo ayé ń ṣe é báyìí, àwa ń ṣe é bọ́hùn-ún.

Onífìlà ṣí fìlà rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí orí rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ ò sọ fún wa." Mo ní ẹ ò bi mí. Òótọ́ ni èyí, òótọ́ sì ni tiẹ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Èmi náà ń lọ. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì gba àríyànjiyàn. Onífìlà ní òun rántí oríta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun á mú mi dé ibẹ̀. Ọ̀kadà wọn ti rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ìjókòó, ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń kọjá níbẹ̀ báyìí.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ Bàbá lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Táyà ti gbó, tíúbù ti lẹ̀ mọ́ra. Owó tíúbù ti di ìlọ́po méjì ti ìgbà tí mo rà gbẹ̀yìn. Agogo rẹ̀ nìkan ló ṣì ń dún bíi tàná. Alátùn-únṣe ní, "Màmá, ṣé ẹ máa ta á ni?" Mo ní rárá, mo fẹ́ gùn ún wọ igbó. Ó rò pé àwàdà ni.

Ìyàwó kò lè gun kẹ̀kẹ́. Ó kó oògùn àti báńdéèjì sínú àpò fún mi, ó ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún un ṣàlàyé. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ bá mi mú un wá, Ẹ̀gbọ́n, kí n fọwọ́ ara mi pa á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Orúnkún mi ń bú mi ní gbogbo èdè. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì sínú kòtò tó kún fún omi, Onífìlà sì fi ẹ̀yìn sí mi kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ọmọlúàbí ni. Kẹ̀kẹ́ ìjọba ló ń gùn, bíréèkì rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́.

A dé oríta kìíní. Ó fi igi tó ti tú aṣọ aláwọ̀ ewé hàn mí, mo so ó padà síbẹ̀, a sì gba ọ̀nà kejì. Oríta kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí mo ń so ti búlúù, mo rí ibi tí okùn aṣọ ti ha èèpo igi lára. Ọwọ́ àbúrò mi ló wà níbẹ̀. Mo gbé iwájú orí lé igi náà, mo sunkún díẹ̀. Onífìlà ń tún bíréèkì ṣe ní gbogbo àkókò yẹn, bíréèkì tí kò ní àtúnṣe.

Ó béèrè pé, "Mà, kí ló ń jẹ́ kó má mọ ibi tó ń lọ kó tó lọ?" Mo ní kó bi ara rẹ̀ pé ta ló fi òun sí iṣẹ́ inú igbó. Ó ní owó oṣù ni. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dùn mọ́ mi, nígbà tí mi ò tíì mọ gbogbo rẹ̀." Ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ níwájú títí a fi dé àgọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní nínú igbó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò láti àárọ̀ títí dalẹ́. A kò lè jáde. Mo lẹ tíúbù, mo tún un lẹ̀. Bó bá farapa níbì kan, òjò yìí ń pa á lórí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A so aṣọ pupa kìíní padà ní oríta kẹta. Lẹ́yìn náà la dé ìkẹrin, ibi tí wọ́n ti bá aṣọ nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ igi tó ti já.

Ọ̀nà òsì fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Láti ibi tí a dúró sí, a ń rí òrùlé páànù ilé àwọn tó ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, ní ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀nà ọ̀tún kò ju ibi tí ẹsẹ̀ kan lè gbà lọ. Ó wọ inú ẹ̀gún, ó ṣẹ́ kọrọ, ó pòórá lójú wa. Mo bi Onífìlà pé níbo nìyẹn lọ.

"Mi ò débẹ̀ rí, mà. Kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀. Àfi bóyá àwọn eléèédú." Ó nawọ́ sí òsì. "Ẹ jẹ́ ká gba ibí. Ẹni tó bá farapa, ibi tó bá rí òrùlé ló máa forí lé. Èèyàn kankan ò ní fi òrùlé sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ọjọ́ méjì ló máa gbà wá ká tó mọ̀, mi ò sì rò pé àbúrò mi ní ọjọ́ méjì. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dúró, mo wo òrùlé yẹn títí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyí: nígbà tó dúró níbí, kò tíì farapa. Ara rẹ̀ yá. Ó ń kọrin. Ó wo òsì, ó rí òpin rẹ̀ láti òkèèrè. Kí ló tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Mo so aṣọ pupa kejì mọ́ igi ọ̀nà òsì. Mo ní, "Ọ̀tún ni."

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Kò dá mi lójú rárá."

Ó wo mí, ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ṣáájú.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò ní sọ ọ́ fún Ìyàwó láéláé. Bí a ti ń yí kọrọ, àwọn igi ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà náà sì dà wá sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ sáré, afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ mi, mi ò mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rántí àbúrò mi, mi ò rántí ọjọ́ orí mi. Mo dé ìsàlẹ̀, ojú sì tì mí títí mi ò fi lè mu omi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tí àbúrò mi ń jáde lọ wá nìyẹn. Mo ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Odò. Afárá onígi tó wà níbẹ̀ ti bá omi lọ, òpó méjì nìkan ló kù. Omi pupa, ó ń gbé odindi igi kọjá. Ní òdìkejì, ọ̀nà tún pín sí méjì, ègé aṣọ kan sì wà lára igi tó wà lápá òsì, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọ̀ ọsàn. Tìmùtìmù ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀tún tí a gbà ní oríta ìkẹrin ló gbà, ọ̀tún ló tún gbà lọ́hùn-ún. Ó kọjá kí afárá tó lọ. Kò sì lè padà.

Onífìlà fi rédíò ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n gbé okùn wá. Mo pariwo orúkọ àbúrò mi títí ohùn fi lọ. Odò ń pariwo jù mí lọ. Mo tẹ agogo kẹ̀kẹ́, méjì, kí n dúró, méjì, bí Bàbá ṣe ń ṣe tí ọ̀kan nínú wa bá wà lẹ́yìn jù. Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò kò rọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú okùn, omi ṣì ga jù. Mo tẹ agogo títí àtàǹpàkò mi fi wú. Ẹ̀ṣọ́ kan ní kí n sinmi, màmá. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Omi ti fà sí ìsàlẹ̀, ariwo rẹ̀ sì fà pẹ̀lú. Lọ́wọ́ ọ̀sán, mo tẹ agogo. Méjì, mo dúró, méjì.

Ó dáhùn.

Láti òkè lọ́hùn-ún, tínńtín, bí ẹni tó wà nínú yàrá. Méjì, ó dúró, méjì. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo wo Onífìlà, ó ti dìde dúró, ó ti ṣí fìlà.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Bí ọmọdé la ṣe ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n fi okùn gbé mi kọjá odò lánàá. Àbúrò mi wà nínú ahéré obìnrin eléèédú kan, lórí ibùsùn ewé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti ká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Òkúta yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹsẹ̀ ṣẹ́ lábẹ́ orúnkún, egungun yọ jáde. Obìnrin náà ló wọ́ ọ wálé. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí afárá lọ, ọ̀nà tó kù gba ẹ̀yìn òkè, kò sì lè fi í sílẹ̀ kó rin ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kúnlẹ̀. Àbúrò mi la ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Sísọ́ọ̀sì yín ò sọnù o."

Òun ni obìnrin náà fi gé ṣòkòtò lára rẹ̀. Ó wà lórí òpó, wọ́n ti nù ún mọ́. Mo bú sẹ́kún.

Mi ò fẹ́ kọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lánàá, láti orúnkún. Nígbà tí a gbé e dé, Ìyàwó ti mọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kó tó ṣí aṣọ. Nọ́ọ̀sì ni. Kò sunkún. Ó bá wọn ti bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀.

Onífìlà wá kí wa. Ó ní, "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́." Ìyàwó ní, "Ẹsẹ̀ kì í ṣe fìlà, ọ̀gá." Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje

Ó ti padà sílé. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọ ojú sí ògiri láti àárọ̀ di alẹ́. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a ó gbé e kúrò bí a ṣe gbé e síbẹ̀. Mo gbé pákó wá bá a láti ilé iṣẹ́ rẹ̀, pákó tó ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Kò fọwọ́ kàn án.

Mo gbé e jáde nínú igbó, ó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ní òun ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n má bi òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje

Onífìlà mú ọsàn wá. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òjò ti ń dín kù. Ògiri ni àbúrò mi ń wò. Ó ní wọ́n fẹ́ tún afárá ṣe. Ògiri.

Aájò ló wá gbé e débi ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Àwọn ọ̀nà mẹ́ta tó o so aṣọ mọ́, tí o ò gbà, àwa ti gbà wọ́n dé òpin nígbà tí à ń wá ẹ. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹ, kó má baà máa jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ti aláwọ̀ ewé yẹn, tó o bá ti kọjá ilé ikán ńlá kan—"

"Ẹ má sọ."

Gbogbo wa yíjú. Ohùn àbúrò mi ti ha. Ó ti gbé ara rẹ̀ dìde lórí ìgúnpá.

Onífìlà ní, "Mo kàn ní kí n—"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má sọ ọ́. Ohun tó kù fún mi nìyẹn."

Ìyàwó ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó nu ọwọ́, ó wọlé wá. Mo rò pé ó máa pariwo, mo ti ń múra láti gbà á mú. Ó gbá Onífìlà léjìká mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì níta. Kò fẹ́ mọ̀. Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, àbúrò mi bi mí pé ní oríta ìkẹrin, ọ̀nà wo ni mo so aṣọ mọ́. Mo ní ọ̀nà òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré. Ó ní, "Ta ló fẹ́ lọ sí ibi òrùlé." Ó bó ọsàn kan, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje

Ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyàwó béèrè bóyá ọkọ òun máa tún lè gun kẹ̀kẹ́. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé rárá, mo sì mọ̀ ọ́n. Dókítà wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀, ó ní òun kò mọ̀.

Àbúrò mi ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà tí a ti délé ló ti ń fi bírò ya nǹkan sára pákó yẹn. Ó dà bí ẹsẹ̀. Ó tún dà bí pẹ́dà kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù Keje

Onífìlà ti rán ọ̀rọ̀ wá pé afẹ́fẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá já gbogbo aṣọ tí mo so bọ́, òun sì ti ṣà wọ́n jọ. Ó kó wọn fún Ìyàwó ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́.

Ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó gbé àpò kékeré lé tábìlì mi. Ó ti fọ àwọn ègé aṣọ náà. Ó ti lọ̀ wọ́n. Ó ká wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin bí aṣọ ọmọ ìkókó.

Mo gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn bá a so wọ́n padà. Kẹ́ ẹ so wọ́n le."

Mo fi òróró sí ṣéènì, mo sì lọ. Orúnkún bú mi, mo bú u padà. Mo dé oríta kìíní nígbà tí oòrùn ti ga, mo so aláwọ̀ ewé mọ́ igi rẹ̀, mo ta á ní kókó méjì. Ọ̀nà náà tẹ́ lọ síwájú mi. Mo rí ibi tó ti ṣẹ́, nǹkan kan sì ń dán níbẹ̀, bóyá omi, bóyá páànù, bóyá nǹkan mìíràn. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mo gba ọ̀nà oríta kejì lọ.